Ọfà Kan Ṣoṣo

Ọfà kan ṣoṣo ni bàbá tó bí ìyá mi fún mi. Apó tó kún fún ọfà wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ ní Ìgànná, ojoojúmọ́ ni mo sì ń yọjú wò ó. Nígbà tó ṣèlérí pé òun yóò kọ́ mi ní ọfà títa, mo rò pé gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé lé mi lọ́wọ́. Bàbá yọ ẹyọ kan. Ó fi àtàǹpàkò tọ́ ẹnu irin rẹ̀ wò, ó ní, "Àkànní, gbà. Èyí tó o bá ta, ìwọ náà lo máa lọ wá a."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹni tí kò bá tíì wá ọfà nínú pápá bẹẹrẹ rí kò tíì mọ ohun tí à ń pè ní ìyà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ọlidé ni mo wá lò láti Ìbàdàn, mo sì gbọ́n gan-an lójú ara mi. Mo ta ọfà náà lẹ́ẹ̀kan péré ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó rí i. Koríko ti ha mí lẹ́sẹ̀, ebi ti pa mí, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú àwọn náà. Lọ́jọ́ kejì, kí n tó fa ọsán, mo kọ́kọ́ wo ibi tí ọfà máa já sí bí kò bá ba ohun tí mo dojú rẹ̀ kọ. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé ọrun sókè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ láìta. Bàbá wà níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé o ti ń rí ara ẹ báyìí?" Èmi ò mọ ohun tó ń sọ. Ẹyẹ ni mo ń wá, n kò wá ara mi.

(Ọrun tí mo ń wí yìí o, kì í ṣe ọ̀run tí àwọn pásítọ̀ ń wàásù rẹ̀, kì í sì í ṣe ọrùn tó gbé orí dúró. Igi tí wọ́n tẹ̀ kọrọdọ ni ọrun. Ọsán ni okùn tó so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ńlá kò mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mọ́, n kò sì bá wọn wí. Níbo ni wọn ì bá ti rí i?)

Bàbá kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nídìí ẹ̀kọ́ náà. Ó ní kí n má wo ẹyẹ, kí n wo ìyẹ́ kan ṣoṣo lára ẹyẹ. Ó ní apá tó ń fa ọsán kọ́ ni iṣẹ́ wà, apá tó di ọrun mú ni, nítorí òun ni kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Ó ní kí n mí sínú, kí n jẹ́ kí ìdajì èémí náà jáde, kí n wá tú ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọsán mọ̀ pé òun ti fi í sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ní ìbọn ṣakabùlà, ìbọn náà ló sì fi ń ṣọdẹ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé ìbọn a máa gba àṣìṣe lọ́wọ́ ọdẹ: ariwo rẹ̀ pọ̀, ẹ̀tù rẹ̀ pọ̀, bó bá tàsé ẹran, èéfín á bo ojú ẹni tó yìn ín. Ọfà kò ní èéfín. Bí o bá tàsé, gbangba ni wàá rí i pé ìwọ lo tàsé. Ohun mìíràn tó máa ń sọ ni pé bí inú bá ń bí ọ, gbé ọrun kọ́.

Mi ò gbọ́ ìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tó fi ọdún méjì jù mí lọ, bú mi nínú àgbàlá pé ọmọ ará Ìbàdàn kò lè ta adìẹ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ọfà ti wà lórí ọsán. Mo ti yí padà, mo ti fà á, mo ti tú u sílẹ̀ kí n tó mọ ohun tí mo ṣe. Ọfà gba ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ kọjá, ó wọ ìkòkò àmù ìyá ìyá mi, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá àgbà sáré jáde láti ìdí ààrò, ó wo àmù, ó wo ọmọkùnrin náà, ó wá wo èmi. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀mí ni ì bá lọ sí i." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju ẹgba lọ.

Bàbá kò nà mí. Alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí a jẹun tán, ó nawọ́ sí ìhà ibi tí Ìwéré-Ilé wà, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọfà ti ba ilẹ̀ Yorùbá jẹ́." Ìwéré-Ilé kò jìnnà sí Ìgànná rárá, inú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà, Ìwájọ̀wà, ni méjèèjì wà lónìí. Ìtàn tó sọ fún mi, mo tún wá kà á lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Díẹ̀ ni èyí tí bàbá sọ fi yàtọ̀ sí ti ìwé, bẹ́ẹ̀ bàbá kò mọ ìwé kà.

Aláàfin Abíọ́dún, ọba ńlá nì, wàjà ní 1789. Aólẹ̀ ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí kò tíì jọba, tó ń ṣòwò kiri, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lẹ́rú ní ọjà Àpòmù, baálẹ̀ ibẹ̀ sì ní kí wọ́n nà án nítorí rẹ̀. Aólẹ̀ kò gbàgbé. Nígbà tó gun orí ìtẹ́, Àpòmù ni ìlú àkọ́kọ́ tó fẹ́ kí ogun kọlù. Ẹ ò rí i pé ẹni tí inú ń bí ti mú ọrun lọ́wọ́! Èkejì ni ti Àfọ̀njá, Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó ń gbé ní Ìlọrin. Ọba kò fẹ́ràn rẹ̀, kò sì lè lé e. Èèwọ̀ ni fún Kakaǹfò pé kí ó lọ sógun kí ó má ṣẹ́gun láàárín oṣù mẹ́ta. Bí kò bá ṣẹ́gun, kí ó kú ni. Nítorí náà Aólẹ̀ àti àwọn abánigbèrò rẹ̀ wá ìlú tí ogun kan kò lè wọ̀, wọ́n ní kí Kakaǹfò lọ jà á. Ìwéré ni ìlú náà. Òkè àti odi yí i ká, ó sì tún bá ìdílé Aláàfin tan, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé ogun tì í ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa ègún.

Àwọn ọmọ ogun kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ títí wọ́n fi dé ìtòsí ibẹ̀. Nígbà tí àwọn balógun gbọ́ orúkọ Ìwéré, ó yé wọn pé ikú Àfọ̀njá ni ọba rán wọn. Wọ́n dìtẹ̀. Wọ́n pa àwọn ìránṣẹ́ ọba tó wà láàárín wọn, wọ́n yí ẹ̀yìn padà, wọ́n sì lọ pàgọ́ sí ẹ̀bá Ọ̀yọ́-Ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n fi igbá òfìfo tí wọ́n dé ránṣẹ́ sí Aláàfin. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún ẹni tó mọ àṣà: orí rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ó kún inú igbá náà. Nǹkan bí 1796 ni àwọn òpìtàn fi ọ̀rọ̀ yìí sí.

Aólẹ̀ jáde sí àgbàlá ààfin, àwo amọ̀ kan ní ọwọ́, ọfà mẹ́ta ní ọwọ́ kejì. Ó ta ọ̀kan sí àríwá, ó ta ọ̀kan sí gúúsù, ó ta ọ̀kan sí ìwọ̀ oòrùn. Ó gégùn-ún pé ibi tí ọfà wọ̀nyí bá lọ ni wọn yóò kó àwọn ọmọ wọn lẹ́rú lọ. Ó wá la àwo náà mọ́lẹ̀, ó fọ́ túútúú. Igbá tó bá fọ́ ṣeé rán, ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè rán àwo? Lẹ́yìn èyí ó wọlé, ó jẹ májèlé, ó kú.

Níbí ni bàbá dánu dúró. Mo ní, "Bàbá, ṣé ọfà náà ba ẹnikẹ́ni?" Ó ní, "Ó ba Àfọ̀njá."

Àfọ̀njá rò pé òun ni wọn yóò fi jọba. Wọn kò fi í jọba. Adébọ̀ ni wọ́n fi jẹ. Ó bínú, ó ní Ìlọrin kò sìn Ọ̀yọ́ mọ́. Ó pe Álímì, àlùfáà Fúlàní, kí ó wá máa bá òun ṣe oògùn àti àdúrà, ó sì kó àwọn ẹrú tó sá fún olówó wọn jọ di ọmọ ogun. Àwọn ọmọ ogun yìí ni wọ́n yí padà sí i ní nǹkan bí 1824. Ó jà ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ títí gbogbo ènìyàn rẹ̀ fi tán. Johnson kọ ọ́ pé nígbà tó kú, ara rẹ̀ kò balẹ̀: ọ̀kọ̀ àti ọfà tó gún un pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbé òkú rẹ̀ ró bí ẹni tó dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò kúrò lójú mi. Ẹni tí ọba torí rẹ̀ ta ọfà ní Ọ̀yọ́, ọfà ló gbé òkú rẹ̀ dúró ní Ìlọrin.

Àwọn kan á ní ègún Aólẹ̀ ló tú Ọ̀yọ́ ká. Èmi ò lè bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ilé ti ń jó kí ó tó ta ọfà. Òwò ẹrú ti sọ ọba di ẹni tó ń ta ọ̀rẹ́. Ìjòyè ń ṣọ́ ọba, ọba ń ṣọ́ ìjòyè. Ẹrú láti òkè Ọya ti kún ilé àwọn olówó, wọn kò sì fẹ́ràn olówó wọn, ta ni yóò fẹ́ràn wọn? Ohun tí ọfà mẹ́ta náà ṣe ni pé ó fi Aólẹ̀ han gbogbo ayé. Ọba tó lè sọ ọ̀rọ̀ ìlàjà, tó lè dákẹ́, tó lè kú kí ó sì fi ìlú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, èyí tó yàn ni pé kí gbogbo ìlú bá òun lọ. Irú ẹni tó jẹ́ ní ọjà Àpòmù náà ló jẹ́ títí.

Kí ẹ má bàa rò pé ọfà jẹ́ ohun ìṣeré ní ayé ìgbà náà, ohun ìjà gidi ni. Ilẹ̀ wa ní Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, pápá ni. Ojú ń ríran jìnnà, ẹṣin lè sáré, ọfà sì ń rí ọ̀nà gbà. Ọ̀yọ́ fi ẹṣin àti ọfà kọ́ ìjọba rẹ̀. Ìgànná wà nínú ẹkùn ọ̀tún Ọ̀yọ́, Sabigànná sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọba ẹkùn náà. Nígbà tí Richard Lander, Òyìnbó tó bá Clapperton dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ń kọ ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1830, ó sọ pé àwọn ènìyàn ka Yorùbá sí tafàtafà tó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Bóyá àwa ni a sọ bẹ́ẹ̀ fún un, n kò mọ̀. A kì í yẹra fún ìyìn ara wa.

Àwọn Bàrìbá tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wa ní Bọ̀rgú kò gbà fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Lugard, ẹni tó wá di gómìnà àgbà Nàìjíríà ní 1914, ọfà Bọ̀rgú bà á lórí ní 1894. Oró wà lẹ́nu ọfà náà. Àwọn tó ń bá a rìn fà á yọ, ó jẹ oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n fún un, kò sì kú. Bí ọfà yẹn bá ti wọlé díẹ̀ sí i, bóyá orúkọ mìíràn ni à bá máa jẹ́ báyìí. Irúgbìn tí ọ̀pọ̀ tafàtafà Áfíríkà fi ń ṣe oró, Strophanthus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Thomas Fraser ní Edinburgh yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì di oògùn tí àwọn dókítà ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára. Ohun tó ń dá ọkàn ẹran dúró nínú igbó ni wọ́n ń wọ̀n díẹ̀díẹ̀ fún aláìsàn.

Ìbọn ló lé ọfà kúrò. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí 1820, àwọn Ìjẹ̀bú tó sún mọ́ etí òkun ti gbé ìbọn wá. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn ọdẹ náà tẹ̀ lé e. Ọfà kúrò lójú ogun, ó kúrò nínú oko ọdẹ, ó wá kù sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn àwọn arúgbó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọfà tí Aólẹ̀ ta sí ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ tú, àìmọye ọmọ Yorùbá ni wọ́n kó gba etí òkun lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà. Nàgó ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bùràsíìlì, Lukumí ní Kúbà. Kí ni wọ́n rí gbé lọ? Wọn kò gbé ọrun, wọn kò gbé apó. Wọ́n gbé Ọ̀ṣọ́ọ̀sì lọ, òrìṣà ọdẹ àti tafàtafà. Nílé níbí, àwọn tó ń bọ ọ́ kò pọ̀ mọ́. Ní ìlú Salvador ní Bùràsíìlì, ọba Kétu ni wọ́n ń pè é, Kétu tiwa yìí, tó wà ní òdìkejì ààlà, ní ilẹ̀ Benin. Ọrun àti ọfà tí wọ́n fi irin rọ pọ̀ ni àmì rẹ̀, "ofá" ni wọ́n sì ń pè é títí di òní olónìí. Ilé òrìṣà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Opô Afonjá, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1910. (Afọ̀njá tibẹ̀, Ṣàngó ni wọ́n fi ń pè, ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ti Ìlọrin.) Obìnrin tó darí rẹ̀ láti 1976 títí tó fi kú ní 2018, Mãe Stella de Oxóssi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì paraku.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ níbẹ̀ ni pé ẹyẹ burúkú kan bà sórí òrùlé ààfin nígbà ọdún iṣu. Wọ́n pe ẹni tó ní ogún ọfà, ó ta gbogbo rẹ̀ tán, ẹyẹ kò mira. Wọ́n pe ológójì ọfà, wọ́n pe aláàádọ́ta, òfo ni. Ẹni tó ní ọfà kan ṣoṣo ló wá ta á, ẹyẹ sì já bọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka ìtàn yìí, mo pariwo nínú yàrá mi. Ṣebí bàbá mi nìyí! Ẹni tó ní àádọ́ta ọfà lè máa fi mọ́kàndínláàádọ́ta ṣeré. Ọlọ́fà kan kò lè ṣeré.

Ìtàn kejì, Kúbà ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kò sì dùn. Ọ̀ṣọ́ọ̀sì pa ẹyẹ kan tó fẹ́ fi ṣe ẹbọ, ó gbé e sílé, ẹnìkan sì jí i gbé. Inú bí i. Ó gbé ọrun, ó ta ọfà sí ojú ọ̀run, ó ní kí ó lọ wọ àyà ẹni tó jí ẹyẹ òun. Ọfà gbọ́ràn. Ó gbọ́ igbe láti inú ilé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló mú ẹyẹ náà.

Tafàtafà kan náà ni nínú ìtàn méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó tú ọwọ́ sílẹ̀, mo sì rò pé ibẹ̀ ni bàbá ń tọ́ka sí nígbà tó bi mí bóyá mo ti ń rí ara mi.

Èmi náà ti ta tèmi. Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ní ọdún kẹrin tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan mú ọ̀rọ̀ wá fún mi nípa akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà kan, pé ó ti jẹ owó àjọ wọn. Ọkùnrin náà ti rí mi fín nígbà kan rí, ó lé mi kúrò níbi ìpàdé wọn. N kò wádìí. Mo jókòó, mo kọ ọ́, mo lo òwe tó dùn, mo pè é ní orúkọ rẹ̀. Ìwé jáde ní ọjọ́ Àìkú, gbogbo ọjà kà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí owó náà fi jáde ní báńkì, kọ́bọ̀ kò dín. Akápò ló ṣi nọ́ńbà kọ. A tẹ àtúnṣe sí ojú ewé inú, ìlà mẹ́rin, ní lẹ́tà tín-ín-tín-ín. Mo lọ sí ilé ọkùnrin náà láti tọrọ àforíjì. Ó ní kí n jókòó, ó fún mi lómi. Ó ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo dárí jì yín. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò lọ sílé ìwé mọ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ olè." Mo gbé ife náà dání, n kò lè mu ún. Ẹ̀gbọ́n ló pè mí, bẹ́ẹ̀ òun ló jù mí lọ.

Bàbá ti kú nígbà náà. Ọdún tó kọjá ni mo gbé ọmọ mi ọkùnrin lọ sí Ìgànná. Òun náà ti pé ọdún mọ́kànlá. Ilé ti yàtọ̀, páànù tuntun ti wà lórí rẹ̀, igi máńgòrò ṣì wà. Mo béèrè ọrun bàbá. Àbúrò ìyá mi wọ ẹ̀yìn ilé lọ, ó gbé e wá. Kòkòrò kò jẹ ẹ́, ọsán rẹ̀ ló ti já, ó ti pẹ́ pẹ̀lú. Wọ́n ti so ìwọ̀ irin mọ́ orí rẹ̀ kan, òun ni wọ́n fi ń já máńgòrò. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé bí ọsán bá já, ọrun a dọ̀pá, ṣùgbọ́n n kò rò pé ojú mi yóò rí i báyẹn gan-an.

Mo ní, "Ọfà ńkọ́?"

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ o, ó ku ẹyọ kan. Àwọn ọmọ fi í ṣeré ní ọjọ́sí. Inú pápá ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn ni wọ́n sọ ọ́ sí."

Ọmọ mi wo ojú mi. Mo ká ṣòkòtò mi dé orúnkún, a sì jọ wọ inú koríko lọ.